Ẹ Pè É Sóko Kí Ẹ Tó Pè É Síjókòó

Ẹ̀yin ará Lougba, ẹ̀yin ará Bantè àti Savalou, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pira, Gouka, Koko, Bobè, Akpassi, Agoua àti Atokoligbé, a ti ń pe ara wa síjókòó jù. Bí ọmọ bá ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, a ó pe ìjókòó. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jà lórí oko kajú tí bàbá wọn fi sílẹ̀, a ó pe ìjókòó. Bí ìyàwó ilé bá ti dákẹ́ láti ìgbà pípẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín mọ́, a ó kó àga jáde, àgbàlagbà mẹ́ta á jókòó kọjú sí ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n á ní, "Ó yá, sọ ohun tó ń dùn ọ́." Ta ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ wa kì í wo àgbà lójú. Bí wọ́n bá pè é sáàárín bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀, á máa fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ya yẹ̀pẹ̀, á ní, "Kò sí nǹkan, bàbá." Wọ́n á tún bi í, á tún ní kò sí nǹkan. Wọ́n á gbà á níyànjú, wọ́n á súre fún un, ìjókòó á tú. Kó tó pẹ́, a ó gbọ́ pé ó ti wọ mọ́tò, ó ti wà ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà á wá máa bínú pé ọmọ ayé ìsinsìnyí kò ka àgbà sí. Ẹ̀yin àgbà, ó kà yín sí. Nítorí pé ó kà yín sí ni ẹnu rẹ̀ kò fi là níwájú yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju èyí lọ: kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni síjókòó, ẹ kọ́kọ́ pè é sóko. Ẹ fún un ní ọkọ́, kí ẹ̀yin náà mú tiyín. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ kọ́kọ́ gba ọwọ́ yín méjèèjì.

Ẹ wo bí ebè kíkọ ṣe rí nígbà tí òjò bá ń parí lọ. Ẹni méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú dojú kọ ìlà tirẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ́ ń lọ, ọkọ́ ń bọ̀, yẹ̀pẹ̀ ń gòkè. Ojú àwọn méjèèjì níṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì lójú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ yìí ń gbójú sá. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ̀, ó lè ju ọkọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó parí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé, "Èé ṣe tí o dákẹ́?" Bí ọ̀rọ̀ náà bá bí bàbá nínú, ilẹ̀ ni ọkọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá wí. Nígbà tó bá fi máa nàró láti sinmi ẹ̀yìn, ìbínú àkọ́kọ́ ti kọjá. Tó bá sì di bí ogójì ebè, bàbá fúnra rẹ̀ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, á ní kí ọmọ gbé omi wá, á sọ pé ẹ̀yìn òun kò gbà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin òbí, gbólóhùn yẹn níye lórí ju ìyànjú ọdún kan lọ. Ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ara ń ni yín, òun náà á lè sọ ibi tí ara ti ń ni òun: pé ìṣirò kò yé òun láti ọdún kejì, pé òun jẹ gbèsè lọ́wọ́ oní-zémíjàn kan, pé òun ti fún ọmọ ẹnì kan lóyún.

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́, wọn kò kàn sọ ọ́ fún wa ni. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan gàrí, gàrí agbègbè wa yìí tí wọ́n ń fi orúkọ Savalou tà dé Cotonou. Òkìtì ẹ̀gẹ́ wà láàárín, àwọn obìnrin jókòó yí i ká lórí àpótí, ẹsẹ̀ wọn nà síwájú. Ọ̀bẹ á fa ìlà gbọọrọ kan lára ẹ̀gẹ́, àtàǹpàkò á wọ abẹ́ èèpo, èèpo á ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gẹ́ funfun á bọ́ sínú ọpọ́n. Ojú gbogbo wọn wà lọ́wọ́ wọn, torí ọ̀bẹ kì í báni ṣeré. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ìyàwó tuntun tó jókòó sẹ́bàá kan á ní, "Ẹnì kan bi mí, ó ní kí lèèyàn máa ń ṣe bí ọmú kan bá wú, tí ọmọ kò sì fẹ́ mu ún?" Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ta lẹni náà. Ìyá àgbà kan á kọjú sí ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á máa dá ẹ̀gẹ́ lóhùn: kí ẹni náà má dẹ́kun fífún ọmọ lọ́mú, bí ibà bá sì dé sí i, kó lọ rí nọ́ọ̀sì kíákíá. Ẹlòmíì á ní ó ṣe òun náà nígbà àkọ́bí òun. Kí òkìtì yẹn tó dé ìdajì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọmú, ó ti dé orí ọkọ tó wà ní Parakou tí kò fowó ránṣẹ́. Obìnrin yìí ti rí ohun tí kò lè rí nínú ìjókòó mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gbàrà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń tú ètè.

Àwọn baba ńlá wa sọ èyí di ètò. Àáró wà, tí àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan á máa yí oko ara wọn ká, òní tèmi, ọ̀la tìrẹ, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án padà. Ọ̀wẹ̀ wà, tí ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ roko àna á pe èrò lẹ́ẹ̀kan, á fi oúnjẹ àti ọtí ṣe wọ́n lálejò. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì London, tó parí rẹ̀ ní 1939, kọ nípa méjèèjì. Àwọn ará wa Mahi ní Savalou àti àwọn Fọn ní tiwọn, dónkpè, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ro oko àna, tó ń mọ ògiri, tó sì ń sin òkú. Melville Herskovits, ọmọ Amẹ́ríkà, bá a ní Abomey ní 1931, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Dahomey tó jáde ní 1938. Nígbà tó dé Haiti ní 1934, ó bá àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn náà ń pe ara wọn jọ sóko pẹ̀lú ìlù àti orin. Konbit lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba Ouidah kọjá kò rí ọkọ́ kankan mú dání, wọ́n mú bí a ṣe ń pe ara wa sí iṣẹ́ lọ.

Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ àáró, ebè mélòó ni wọ́n kọ, ilé mélòó ni wọ́n mọ, ni wọ́n sábà máa ń kà. Lójú tèmi, ìdajì èrè rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé ọkùnrin mẹ́fà tó ń yí oko ara wọn ká láti ìparí òjò dé ọyẹ́ kò lè fi nǹkan pamọ́ fún ara wọn. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, wọ́n á mọ̀. Ẹni tí oorun kò kùn mọ́, wọ́n á mọ̀, torí ìlà tirẹ̀ á máa kẹ́yìn.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí irú rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, wọ́n mú ọkùnrin méjìlá tó ń tu ọkọ̀ ojú omi fún Yunifásítì Oxford. Wọ́n ní kí oníkálukú tu ọkọ̀ lórí ẹ̀rọ ní òun nìkan. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n ní kí wọ́n jọ tù ú, ìfà kan náà, ìgbà kan náà. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n jọ tù, wọ́n lè fara da ìrora ju ìgbà tí wọ́n tù ú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ kan náà ni. Àlàyé àwọn onímọ̀ yìí ni pé ara ní èròjà kan tó ń tú jáde bí a bá ń ṣe wàhálà, endorphin, tó ń mú ìrora rọlẹ̀, tó sì ń mú kí ara wa silé sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí a bá jọ ṣe é ní ìgbésẹ̀ kan náà, á tún pọ̀ sí i. Àwọn tó ń lu ìlù sí dónkpè létí kò ka ìwé yẹn.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Zimbabwe. Láti 2006 ni Dókítà Dixon Chibanda ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹni tí ìrònú ti borí rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 573, èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ara àwọn tó bá ìyá àgbà jókòó sì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni èyí tó ń tẹ̀ lé bẹ́ǹṣì: wọ́n ń mú àwọn èèyàn yẹn wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ike tí a ti lò hun àpò, ọwọ́ ń hun, ẹnu ń sọ. Ní Australia, àwọn ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ní àtíbàbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí wọ́n ti rí i pé ọkùnrin kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n bá kọjú sí i. Ó dìgbà tí èjìká rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹlòmíì.

Kí ló wá dé bá tiwa? Oògùn apakoríko dé. Ẹnì kan á gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn, á fi aṣọ bo imú, oko tí èèyàn mẹ́wàá ń ro tẹ́lẹ̀, òun nìkan á fọ́n ọn tán kí oòrùn tó mú. Alùpùpù dé, ọ̀nà oko tí bàbá àti ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan ti di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, atẹ́gùn sì ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Alágbàṣe náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí o ń sanwó fún kì í ṣe alábàárò rẹ. Gbogbo ohun tí o bá sọ, "bẹ́ẹ̀ ni, bàbá" ni. N kò ní ká da àwọn nǹkan wọ̀nyí nù o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oko ríro lọ́wọ́ dùn, ẹ bi í pé oko ta ló rò. Àmọ́ oògùn yẹn pa koríko, ó pa wákàtí tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Koríko tó kú ni gbogbo wa rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣẹ dá a padà. Nígbà Faransé, wọ́n fi ipá kó àwọn baba wa lọ la títì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ṣe é, kò sì sọ agbára òyìnbó di ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Òfin tí Houphouët-Boigny, aṣojú Côte d'Ivoire, gbé lọ sílé ìgbìmọ̀ ní Paris ní 1946 ló fòpin sí iṣẹ́ ipá yẹn. Ní Rwanda lónìí, umuganda wà ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù: gbogbo ìlú á jáde láàárọ̀, wọ́n á tún ọ̀nà ṣe, wọ́n á gbẹ́ gọ́tà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jókòó sọ̀rọ̀ ìlú. Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn, iṣẹ́ ṣáájú, ìjókòó tẹ̀ lé e, ó wù mí. Owó ìtanràn tí wọ́n fi lé ẹni tí kò wá ni kò wù mí. Ẹni tó wá nítorí ìtanràn á wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì wà nílé.

Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Nínú oko kajú. Gbogbo wa la mọ iná ìgbẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko gbẹ, iná kan ṣoṣo lè jẹ oko ogún ọdún láàárín ọ̀sán sí alẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ro eteetí oko kajú yíká, kí iná má bàa rí nǹkan jẹ wọlé. Ṣùgbọ́n níbi tí oko méjì ti pàdé, ẹ lọ wò ó: ẹni ọ̀tún ń retí pé kí ẹni òsì ro ó, ẹni òsì ń retí ẹni ọ̀tún. Ààlà yẹn kan náà sì ni ìjà wa wà. Kajú kì í ṣe àgbàdo. Ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kó fi gbin àgbàdo, tó wá gbin kajú sí i, ó ti sọ láìlanu pé òun kò kúrò mọ́, ọmọ onílẹ̀ sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ a ó dé ọ̀dọ̀ délégéè, a ó dé mẹ́rì, a ó dé kóòtù, owó kajú ọdún mẹ́ta á sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Kí ilé méjèèjì pàdé ní ààlà yẹn pẹ̀lú àdá. Kí wọ́n má pín in sí méjì, kí ẹnì kan má bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí èkejì bẹ̀rẹ̀ lókè. Orí kan náà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ máa sún lọ. Kí ilé kan gbé omi wá, kí ilé kejì gbé gàrí àti ẹ̀pà. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá dé ìdajì ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn á dúró, á fi ọwọ́ nu ojú, á ní, "Igi yìí, bàbá yín ló gbìn ín, mo ṣì kéré, èmi ni mo pọn omi rẹ̀." Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ má dá a lóhùn kíákíá, ẹ ṣá igi kan síwájú sí i. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde níwájú adájọ́, torí lọ́dọ̀ adájọ́, á di ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú ẹni tó sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ kankan kò bá tilẹ̀ jáde, iná kò ní wọlé ní ọdún yẹn.

Bákan náà ni pẹ̀lú àwọn Fúlàní tó ń gbé láàárín wa. Láti oṣù kejìlá 2019 tí ìjọba ti fòfin de dída màlúù gba ẹnubodè wọlé, àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa, aládùúgbò ni wọ́n. Ibo la ti ń rí ara wa? Lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nígbà tí màlúù bá ti jẹ iṣu. Ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sódò máa ń dí, igbó á bò ó, màlúù á yà sóko. Ìjókòó ìlàjà mẹ́ta kò tó òwúrọ̀ kan tí àgbẹ̀ márùn-ún àti darandaran márùn-ún bá jọ ṣán ọ̀nà yẹn.

Ìyàtọ̀ wà o. Bí ọwọ́ bá ti kan ara, bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, bí wọ́n bá fi ipá bá ọmọdé lò pọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀, ẹ má mú ẹnikẹ́ni lọ sóko kankan pẹ̀lú ẹni tó ṣe é. Ìyẹn ti di ti àgbà àti ti òfin, kíákíá ni kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Èyí tí mò ń sọ ni ọ̀rọ̀ tó há sọ́nà ọ̀fun láàárín àwọn tó ṣì fẹ́ràn ara wọn, tàbí tó ṣì fẹ́ jọ máa gbé.

Àwọn tí eegun kò jẹ́ kí wọ́n mú ọkọ́ ńkọ́? Ẹ gbé ẹ̀gúsí fún wọn, ẹ gbé ẹ̀pà fún wọn, kí ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ jọ máa pa á. Ọmọ tó ń ti Cotonou bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀, tó jókòó sórí àga tó ń wo fóònù, kí ó fi fóònù sílẹ̀ kó fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra. Ìyá á sọ fún un nípa orúnkún tó ń dùn ún àti oògùn tí kò rà, ohun tó ti ní "kò sí nǹkan" sí ní gbogbo ìgbà tó bá pè é. Ẹ̀yin ọkọ náà, bí ìyàwó yín bá ti dákẹ́ jù, ẹ mú ọ̀bẹ kan kí ẹ jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ yín á fi yín rẹ́rìn-ín, ìyàwó gan-an á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ara yín yá. Ẹ máa bó o. Ẹ kò ní bó o dáadáa, á kọ́ yín, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á gbà wọlé.

Ní ti ààlà kajú, oṣù kọkànlá dára, kí ọyẹ́ tó gbẹ koríko. Ẹ má kéde pé ìlàjà lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má pe délégéè, ẹ má pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ẹ má pe ẹni tó máa ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ rán ọmọ lọ bá aládùúgbò yín yẹn, kó sọ fún un pé ẹ fẹ́ ro ààlà láàárọ̀ ọ̀la, pé àdá yín kò mú tó, ṣé ó lè mú tirẹ̀ dání wá.